Kì í Ṣe Gbogbo Ẹ̀yìn Ríro Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí ni ọ̀rọ̀ inú ètò wa, bí a ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ibi yòówù kí ẹ wà, yálà ẹ wà nídìí òfì ní Ìsẹ́yìn, tàbí ẹ ń rọ irin ní Ṣakí, tàbí inú mọ́tò lẹ wà lójú ọ̀nà Mọ́níyà tí ẹ ń gbọ́ wa, ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀rọ̀ àwa ọkùnrin la fẹ́ sọ lónìí. Tí ọmọ bá wà nítòsí, ẹ má wulẹ̀ lé e jáde. Tí ìyàwó yín bá wà nítòsí, ẹ pè é kó wá jókòó. Nínú ilé tiwa, gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti fẹ́ wáyé ni ẹnì kan máa ń ní kí ẹnì kan jáde, ohun tó sì jẹ́ kó pẹ́ ká tó mọ ohun tó ń ṣe bàbá mi nìyẹn.

Ahunṣọ ni bàbá mi. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ òfì mọ̀ pé láti àárọ̀ di alẹ́ lèèyàn fi ń jókòó, ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ lókè, ẹ̀yìn á sì tẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro bàbá, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Tí ẹ̀yìn ò bá ro ahunṣọ, ta ni kó wá ro? Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Wọ́n ní kó yéé jẹ ohun dídùn, kó máa mu àgbo jẹ̀dí àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ó mu ún. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru, a ní ọjọ́ orí ni, ó kúkú ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan, wọ́n fún un ní oògùn ibà àti oògùn ara ríro, ó padà sídìí òfì.

Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ dìde nídìí òfì, ẹsẹ̀ kò dá a lóhùn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rò pé ó ń bá àwọn ṣeré ni.

A gbé e dé Ìbàdàn. Dókítà tó gbà á bi í léèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀, ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ru, ó fi ìka yẹ ìdí rẹ̀ wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya fọ́tò egungun ẹ̀yìn. Jẹjẹrẹ prostate ni. Ó ti wọ inú egungun, ó sì ń tẹ okùn tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi kọ iṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún ru gan-an, ó sì dà bíi pé ó ti pẹ́ tó ti ń ru. Lẹ́yìn náà ni dókítà yíjú sí màmá mi, ó ní, "Mà, ṣé àjọṣe yín gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya ṣì ń lọ déédéé?" Mo fẹ́ dìde jáde. Màmá ní kí n jókòó. Ó ní, "Ó ti tó ọdún méjì tí bàbá yín ti kẹ̀yìn sí mi. Mo rò pé ó ti rí ẹlòmíràn níta ni. Mi ò bi í, kí n má bàa gbọ́ èsì tí mi ò fẹ́ gbọ́."

Bàbá ò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Dókítà wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní kì í sábà jẹ́ pé jẹjẹrẹ prostate ló kọ́kọ́ ń mú kí nǹkan ọmọkùnrin má dìde. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ló ṣeé ṣe kó fa ìyẹn. Ìtọ̀ òru àti ẹ̀yìn ríro ní tiwọn, ọ̀dọ̀ prostate ni wọ́n ti wá. Ẹ ò rí i bí? Àrùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára èèyàn kan, ìtìjú sì bo méjèèjì mọ́lẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo la fi ń pe gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa jẹ̀díjẹ̀dí yìí. Mi ò sọ pé kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tó sọ ọ́ lórúkọ rí ohun tí wọ́n rí: ìdí tó ń yọ síta, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Ìyẹn ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti di àpò tí a ń kó gbogbo ẹrù sí. Ẹ̀yìn ń roni, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ìtọ̀ ò lọ dáadáa, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Nǹkan ọmọkùnrin ò dìde, jẹ̀díjẹ̀dí náà ni, ohun dídùn ló jẹ jù. Tí orúkọ kan bá ti ń jẹ́ fún àrùn mẹ́rin, kò sẹ́ni tó máa wá èyí tó lè pani láàárín wọn. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ni pé kí ó tú àpò náà, kí ó yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àti pé kì í ṣe ará ilé nìkan ni nǹkan yìí ti fara pamọ́ fún. Láàárín 1970 sí 1980, àwọn oníwàádìí Yunifásítì Howard ní Washington àti àwọn ti Ìbàdàn fi àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ìlú méjèèjì wéra lórí jẹjẹrẹ prostate. Wọ́n pe Washington ní ibi tí àrùn náà ti pọ̀, wọ́n pe Ìbàdàn ní ibi tí kò ti pọ̀. Ìbàdàn ti ní ìwé tí wọ́n fi ń ka àrùn jẹjẹrẹ láti 1962. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá yẹ̀ wò tí wọ́n sì rí àrùn lára rẹ̀ nìkan ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè kà. Ẹni tó kú sílé, tí wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ló pa á, ta ló kọ orúkọ tiẹ̀ sílẹ̀?

Ní 1997, Dókítà Osegbe ní Èkó tẹ ìwádìí kan jáde nínú Journal of Urology. Tí a bá túmọ̀ àkọlé rẹ̀, ó ní: jẹjẹrẹ prostate lára àwọn ọmọ Nàìjíríà, òótọ́ àti ohun tí kì í ṣe òótọ́. Iye tó kà nínú ilé ìwòsàn ni 127 nínú 100,000. Ohun tó ń sọ ni pé àrùn tí wọ́n ní kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa yìí pọ̀, àti pé àwọn tó ní in ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Lónìí, àwọn tó ń ka àrùn jẹjẹrẹ kárí ayé gbà pé òun ló wọ́pọ̀ jù lára àwọn ọkùnrin Nàìjíríà. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àyẹ̀wò ti wà nítòsí, ọkùnrin 1 nínú 8 ló máa ní in láyé rẹ̀. Ti aláwọ̀ dúdú, 1 nínú 4 ni. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham àti Manchester wà nínú àwọn tí mò ń sọ yìí.

Ó yá, kí ni prostate gan-an? Ohun kékeré kan ni, tó tó èso àsálà, tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀. Ó yí ojú ọ̀nà ìtọ̀ ká bí òrùka ṣe ń yí ìka ká. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń pèsè lára omi tí àtọ̀ ń bá jáde. Tí ọkùnrin bá ń dàgbà, ó sábà máa ń tóbi, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Tó bá tóbi, ó máa ń fún ọ̀nà ìtọ̀ pọ̀: ìtọ̀ á máa kán tó-tó-tó, èèyàn á dúró pẹ́ kó tó jáde, á tọ̀ tán, á tún dà bíi pé kò tíì tán. Àmọ́ jẹjẹrẹ inú rẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìfa ohunkóhun. Nítorí náà, ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ń dà wàràwàrà kò lè sọ pé òun ti bọ́, ẹni tí tirẹ̀ sì ń kán kò gbọ́dọ̀ rò pé ikú ti dé. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àyẹ̀wò ló lè ṣe é.

Ìbéèrè ni àyẹ̀wò fi ń bẹ̀rẹ̀. Láti 1992 ni àwọn oníṣègùn ìtọ̀ ní Amẹ́ríkà ti kó ìbéèrè méje jọ: ẹ̀ẹ̀melòó lo ń dìde lóru, ṣé ìtọ̀ ń dúró kó tún bẹ̀rẹ̀, ṣé o ní láti fipá tì í, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 5, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35. Kò gba iná ìjọba, kò gba ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì lè bèèrè rẹ̀ ní Kìṣí, ní Ìgbòho, lábẹ́ igi.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ìka. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Dókítà á wọ ìbọ̀wọ́, á fi nǹkan yíyọ̀ sí i, á ti ìka kan sínú ìdí láti fọwọ́ kan prostate láti ẹ̀yìn. Tó bá rọ̀ tó sì jọ̀lọ̀, ìyẹn dára. Tó bá le bí òkúta tàbí tó ní kókó, ó di ohun tí à ń wádìí síwájú. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo mọ ọkùnrin tó kọ̀ ọ́, tó ní kò sẹ́ni tó máa ṣe òun bẹ́ẹ̀. Èmi ò bú u. Mo kàn bi í pé ìyàwó rẹ tó bímọ márùn-ún fún ọ, mélòó ni dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ti yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA. Ohun kan ni prostate máa ń ṣe, tó ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 1986 ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i fún títọpa ẹni tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ní jẹjẹrẹ. Ní 1994 ni wọ́n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi wá àrùn náà, pẹ̀lú ìka. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí: PSA kì í ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ. Ó lè ga nítorí pé prostate tóbi, tàbí nítorí kòkòrò nínú ìtọ̀. Àjọ ìlera ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní nínú ọkùnrin 4 tí tiwọn ga, nǹkan bí 3 ni kò ní jẹjẹrẹ. Wọ́n tún ní nínú ọkùnrin 7 tí tiwọn kò ga, ó ṣeé ṣe kí 1 ní in. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ má bá obìnrin sùn fún ọjọ́ méjì kó tó di ọjọ́ náà, ẹ má sì gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ oko tó jìn láàárín ọjọ́ méjèèjì. Tí àrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wà nínú ìtọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá lẹ́yìn ìtọ́jú rẹ̀. Èèyàn tó gba èsì ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀bá ọ̀nà, tí kò sí dókítà tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó lè lọ sílé lọ máa sunkún lásán.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń fi abẹ́rẹ́ já prostate ní bíńtín-bíńtín, ojú ibi mẹ́wàá tàbí méjìlá, láti fi wò ó lábẹ́ awò. Èyí ló ń sọ bóyá jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, àti bóyá èyí tó ń sáré ni tàbí èyí tó ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ní 2017, ìwádìí kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ PROMIS fi hàn lára ọkùnrin 576 pé tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ MRI wo prostate, nǹkan bí 1 nínú 4 kò ní nílò abẹ́rẹ́ yẹn rárá. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ mọ iye tí wọ́n ń gbà fún MRI, ẹ sì mọ bí ó ṣe jìn sí àwa ará Òkè-Ògùn.

Ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tó ń dùn mí. Ìwádìí ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà, PLCO ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin tó lé ní 76,000 ló wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àyẹ̀wò yìí ń gba ẹ̀mí là. Aláwọ̀ dúdú inú wọn kò tó 5 nínú 100. Àwa tí àrùn náà ń yọ lẹ́nu jù la kéré jù nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣòfin ìtọ́jú rẹ̀. Àwọn kan ti ń tún un ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fọlákẹ́mi Odedina, ọmọ wa tó wà ní Mayo Clinic, ló ń darí ẹgbẹ́ CaPTC tó so àwọn oníwàádìí Nàìjíríà, Amẹ́ríkà àti ibòmíràn pọ̀ lórí jẹjẹrẹ prostate lára aláwọ̀ dúdú. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí TRANSFORM, wọ́n sì ní ó kéré tán, 1 nínú 10 àwọn tí àwọn máa pè wá gbọ́dọ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Tí wọ́n bá kọ lẹ́tà pe bàbá yín tó wà níbẹ̀, ẹ sọ fún un kó má ju lẹ́tà nù.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká fàbọ̀ sórí èyí tí ẹ̀ ń dúró dè. Akúra. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í sọ ọ́ bí kò ṣe nígbà tí a bá fẹ́ búni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ iye. Ní 2003, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Íjíbítì àti Pakistan, lára àwọn ọkùnrin ọdún 35 sí 70 tó wá sí ilé ìwòsàn. Ní Nàìjíríà, 57.4 nínú 100 ni ìdìde nǹkan ọmọkùnrin ń fún ní wàhálà, kékeré tàbí ńlá. Ó lé ní ìdajì! Ẹ wo ìlà tí ẹ jókòó sí ní ilé ìwòsàn. Gbogbo wọn ló ń sọ pé ibà ló gbé àwọn wá.

Àyẹ̀wò èyí náà, ìbéèrè ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè márùn-ún wà tí àwọn dókítà ń lò, máàkì rẹ̀ jẹ́ 25. Tó bá jẹ́ 21 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, nǹkan kan wà níbẹ̀. Wọ́n á tún bi yín pé, ṣé ó ń dìde fúnra rẹ̀ ní ìdájí? Tó bá ń dìde ní ìdájí tí kò dìde lọ́dọ̀ ìyàwó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èrò ọkàn ni. Tí kò bá dìde rárá, wọ́n á wo iṣan ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n á bi yín nípa sìgá àti ọtí. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ tín-ín-rín ju ti ọkàn lọ, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ dí. Ìyẹn ni pé ìránṣẹ́ ni: ó lè wá sọ fún yín ní ọdún díẹ̀ ṣáájú pé ọkàn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá fi paraga pa ìránṣẹ́ náà lẹ́nu mọ́, kò gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an. Oògùn oyìnbó tí ẹ ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1998, tí wọ́n ń pè ní Viagra, ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń lo àwọn oògùn ọkàn kan tí wọ́n ń pè ní nitrate, tí ẹ wá gbé e pọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, kó sì pani.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ bàbá mi. Dókítà fi ọ̀nà méjì lọ̀ ọ́. Ní 1941 ni Charles Huggins fi hàn pé ohun tí kórópọ̀n ọkùnrin ń ṣe ló ń bọ́ jẹjẹrẹ prostate, tí a bá sì gé oúnjẹ yẹn kúrò, á rọlẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1966. Ọ̀nà kan láti gé e ni abẹ́rẹ́ tí èèyàn á máa gbà láìdáwọ́ dúró, owó rẹ̀ sì pọ̀. Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n yọ kórópọ̀n méjèèjì, iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá bi dókítà pé, "Ṣé màá ṣì máa jẹ́ ọkùnrin?" Kí dókítà tó lanu, màmá mi dáhùn. Ó ní, "Ọkọ mi lẹ máa jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é."

Wọ́n ṣe é. Ìrora ẹ̀yìn náà rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó fi ọ̀pá rìn, kò padà sídìí òfì, àmọ́ ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ wí nípa àwọ̀ òwú. Ọdún mẹ́rin ló lò sí i. Òun àti màmá máa ń sọ̀rọ̀ lóru ní ọdún mẹ́rin yẹn. Mo máa ń gbọ́ ohùn wọn láti yàrá mi. Mi ò tíì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín lónìí ò pọ̀. Ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà ní kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò yìí láti ọmọ ọdún 45. Tó bá ní ju ìbátan kan lọ, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọkùnrin, tó ní in láìtíì dàgbà púpọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ ní 40. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ní kí ẹ sọ, kí ẹ mọ àǹfààní rẹ̀ àti wàhálà rẹ̀, kí ẹ tó yàn. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kódà tí kò dunni, ẹ lọ. Tí ẹ̀yìn bá ń ro yín tí ẹsẹ̀ wá ń kú tìpìrì, tàbí tí ìtọ̀ dá dúró, ẹ má sun mọ́jú lórí rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ gbéra.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ̀yin lẹ ń gbọ́ bó ṣe ń dìde lóru. Ẹ bi í. Ó lè jẹ́ pé èsì tí ẹ̀ ń bẹ̀rù kọ́ ni ẹ máa gbọ́.

Ibi tí màá dánu dúró sí lónìí nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nọ́ọ̀sì kan máa wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, a ò ní dárúkọ yín. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ pe bàbá yín lórí fóònù, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì bi í pé, "Bàbá, ṣé ìtọ̀ ń lọ dáadáa?" Ó dàbọ̀ o.